Àtẹ̀gùn Ṣọ́ọ̀bù Mi ní Ìkirè

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sì ti fi bí ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò mọ irú àárẹ̀ tí mò ń wí. Kì í ṣe irú ti ẹni tó ti oko dé. Ẹni tó ti oko dé á wẹ̀, á jẹun, á sùn, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ara rẹ̀ á ti yá. Èmi a máa sùn, n ó sì jí sínú àárẹ̀ tí mo gbé sùn.

Télọ̀ ni mí. Apòmù ni ilé mi wà, ṣùgbọ́n Ìkirè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí gáréèjì. Láàárọ̀, màá gun alùpùpù mi láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ìdí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Màá gun àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìsinmi láàárín, màá sì jókòó. Ibi tí mo bá jókòó sí náà ni wọn yóò gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá mi, ibẹ̀ náà ni oníbàárà yóò ti bá mi. Kẹ́tùlù tí mo fi ń ṣe àlùwàlá wà ní ẹ̀gbẹ́ àga, mo sì ń kírun lẹ́yìn tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó tún fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn, nígbà tí mo bá ń lọ sílé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ẹ̀rọ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ mi méjèèjì máa ń lọ sókè sódò, tí orúnkún á máa gbóná. Nígbà tí ọwọ́ rọ̀ mí díẹ̀, mo ra mọ́tò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lásán lèèyàn máa fi tẹ nǹkan kan nílẹ̀, aṣọ á sì máa sáré lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo pe ìyàwó mi pé kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti di ọ̀gá." Mo gbà pé mo ti di ọ̀gá. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ mi ò ti ní iṣẹ́ kankan mọ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Télọ̀ lòun náà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan náà la ṣe fírídọ̀mù, èmi wá sí Ìkirè, òun dúró sí Apòmù. Ó sanra jù mí lọ, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín jù mí lọ. Tá a bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, á fọwọ́ gbá ikùn mi, á ní, "Eléyìí ń dàgbà o." Èmi náà á gbá tiẹ̀. A rò pé ẹ̀rín la ń rín.

Nígbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Mo kàn ń gbọ́ èémí rẹ̀ àti ariwo àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀, ọ̀rẹ́ mi ti dákẹ́. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti bá a, ó dorí kọ aṣọ tó ń rán lọ́wọ́, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó sùn ni.

Ọjọ́ náà la sin ín, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe kírun sí i lára tán, àwọn ọkùnrin gbé e sórí àga gígùn onígi tí mọ́ṣáláṣí fi ń gbé òkú. Mo sún mọ́ iwájú, mo gbé èjìká sí abẹ́ igi apá ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé kí n má gbé e. Ọmọdé la ti mọ ara wa.

Ọ̀nà tó lọ sí itẹ́ òkú kò jìn. Ó kàn ga díẹ̀ níbì kan ni, eruku ọyẹ́ sì bò ó. Mi ò tíì rìn dé ibi tó ga yẹn tí èémí mi fi ń fò. Mo ní màá fara dà á. Mo tún gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá, ojú mi ṣókùnkùn, igi náà sì ń yọ̀ lórí èjìká mi. Mo gbọ́ tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé, "Ẹ gbé e sókè! Ẹ gbé e sókè níwájú!" Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ ṣubú lọ́wọ́ mi.

"Ẹ gbà á," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Ẹni tó gbà á jẹ́ bàbá arúgbó kan, àgbẹ̀ láti ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu, tí gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó yọ èjìká mi kúrò lábẹ́ igi náà, ó sì gbé e lọ bí ẹni gbé àpò gààrí. Èmi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí ẹnì kan kó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo di àyà mú. Èrò kọjá lára mi títí wọ́n fi tán. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, wọ́n ti bo ilẹ̀ tán, àfáà ti ń ṣàdúrà ìkẹyìn. Mi ò rí ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo jù sí sàréè ọ̀rẹ́ mi.

Ìròyìn ti ṣíwájú mi délé. Ẹja gbígbẹ ni ìyàwó mi ń tà lọ́jà Ìkirè, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú méjèèjì tí kì í dé ìdí àtẹ rẹ̀. Kò bá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó dọjọ́ kẹta, nígbà tó ń gbé oúnjẹ fún mi, kó tó sọ pé:

"Bàbá wọn, ẹ lọ yẹ ara yín wò."

"Kí ni mo fẹ́ lọ yẹ̀ wò? Ọ̀rẹ́ mi ló kú, ìbànújẹ́ ló mú mi."

"Ṣé ìbànújẹ́ náà ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa mí hẹlẹhẹlẹ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti orí ibùsùn dìde láti ọdún tó kọjá? Mò ń gbọ́ yín. Mi ò kàn sọ̀rọ̀ ni."

Mo fa oúnjẹ mi sọ́dọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yà sí ilé ìwòsàn àdúgbò wa.

Mo jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó pè mí. Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn jẹ́ obìnrin tó ti fẹ́ẹ̀ dẹni ìfẹ̀yìntì, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní kí n sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀ kúrò.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Télọ̀."

"Wákàtí mélòó lẹ fi ń jókòó lójúmọ́?"

Mo ní kí n kà á, mo rí i pé ó yá jù láti ka èyí tí mi ò fi jókòó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lẹ ṣe nǹkan tó mú yín mí gúlegúle kẹ́yìn?"

"Níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi," ni mo wí, mo sì wo ilẹ̀.

Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kì í ṣe díẹ̀. Ó kọ̀wé fún mi pé kí n rí dókítà tó ń wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, dókítà sì fún mi lóògùn tí màá máa lò lójoojúmọ́. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà láti gba àlàyé oògùn, ó ní oògùn nìkan ò ní ṣe é, pé ara mi ní láti máa ṣiṣẹ́.

Inú bí mi. Bóyá àárẹ̀ ló jẹ́ kínú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ó rẹ̀ mí. Ẹni tó ti rẹ̀ lẹ fẹ́ kó tún lọ máa sáré kiri ìgboro yìí pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sáré kiri? Ṣé mo dárúkọ eré?" Ó fi pẹ́ẹ̀nì tọ́ka sí mi. "Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì. Kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé àtẹ̀gùn wà ní ṣọ́ọ̀bù yín?"

"Ó wà."

"Mélòó ni?"

"Mi ò kà á rí."

"Ẹ lọ kà á. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ rọra máa gùn ún, kí oògùn kọ́kọ́ ràn yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa yára díẹ̀, kó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè kọrin. Kẹ́ ẹ wá jókòó, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Tí àyà bá dùn yín, tàbí òòyì kọ́ yín, ẹ dúró, kẹ́ ẹ wá bá mi." Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà. "Àárẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, Bàbá, ìjókòó ló pọ̀ nínú ẹ̀."

Mẹ́rìnlá ni àtẹ̀gùn náà. Mo kà á lọ́jọ́ kejì. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni mo ti ń gùn ún, mi ò mọ̀ pé mẹ́rìnlá ni.

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn, obìnrin kan wà tó ń ta dòdò Ìkirè, dúdú minimini, aláta, fún àwọn tó ń rin ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ó máa jẹ́ ẹgbẹ́ ìyàwó mi. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, orúnkún sì máa ń dùn ún, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí àpótí ló máa ń wà láti àárọ̀, tó ń di dòdò sínú ọ̀rá. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, tí mo tún yíjú padà tí mo ń gùn ún lọ, ó ní, "Bàbá télọ̀, kí lẹ gbàgbé?"

"Òwú," ni mo wí.

Ní ọ̀sán, mo tún sọ̀ kalẹ̀, mo tún gòkè. "Òwú náà ni?"

"Abẹ́rẹ́."

Lọ́jọ́ kẹta, ó dìde dúró, ó di ògiri mú, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú o. Mo fẹ́ bi yín léèrè. Ṣé kò sí nǹkan tó ń lé yín? Torí mo ti ń wò yín láti ìjẹta. Tó bá jẹ́ ohun tá a lè fi àdúrà sí, ẹ sọ ọ́."

Mo wá sọ òtítọ́ fún un. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tí kò sì lè nù ún nítorí pé epo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú kan? Ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa fi lera?" Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Mo kàn ń ṣe é nítorí pé mi ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn tún wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mi ò ní parọ́ pé ó dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ tí mò ń wo aago, tí aago náà ń wò mí, tí gbogbo ara mi ń sọ pé kí n fi ti òní sílẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà le. Dídìde gan-an ló le. Èèyàn á ti fi òwú sí abẹ́rẹ́ tán, á ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọrùn agbádá, á wá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láti lọ sáré gun àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Àwọn oníbàárà máa ń bá mi níbi tí mo ti ń mí. Ọ̀kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Síbẹ̀ mo ṣe é fún nǹkan bí oṣù kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ṣàkíyèsí pé mi ò dúró sinmi láàárín mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni ààwẹ̀ dé. Ẹni tó bá mọ télọ̀ yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Gbogbo ilé ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun lọ kírun ọdún ní Yídì, gbogbo wọn ló sì ń gbé e wá lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí wọ́n á máa pè lórí fóònù bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo fi àtẹ̀gùn sílẹ̀. Mo ní lẹ́yìn ọdún ni màá padà sí i. Ohun tó burú jùyẹn lọ ni pé mo fi oògùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Àárọ̀ ni mo máa ń lò ó, mo sì ń gbààwẹ̀ láàárọ̀, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá mo lè lò ó nígbà sààrì tàbí nígbà ìṣínu. Mo kàn dá a dúró.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ dé nígbà tí oníbàárà kan pè mí pé òun wà nísàlẹ̀, òun ò lè gòkè, kí n bá òun mú aṣọ òun wá. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo fún un ní aṣọ, mo yíjú padà. Mo gun àtẹ̀gùn kẹjọ, mo gun ìkẹsàn-án. Ògiri wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo nawọ́ láti dì í mú, mi ò bá a. Mo jókòó gbì sórí àtẹ̀gùn, mo gbé orí lé orúnkún.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí òòyì náà ń lọ, ẹkún ló gba ipò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ti kú, mi ò tíì sunkún. Mo wá ń sunkún lórí àtẹ̀gùn, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀. Ìyá oní-dòdò ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń fa ìkejì, ó ń sọ pé "Olúwa ò" lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Kò gòkè dé ọ̀dọ̀ mi tán. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kejì nísàlẹ̀ mi, ó ń mí. Ó mú omi inú ọ̀rá jáde láti ìdí ìró rẹ̀.

"Ẹ mu omi."

"Mò ń gbààwẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ mu omi. Ara yín ò yá. Ọlọ́run tẹ́ ẹ̀ ń gbà á fún ń rí yín."

Mo mu ún. A jókòó bẹ́ẹ̀. Èrò ń lọ ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹnì kan ń ké pè é pé òun fẹ́ ra dòdò, kò dáhùn.

"Mi ò lè gbé e dé sàréè," ni mo wí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. "Ọ̀rẹ́ mi. Èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó ṣubú."

Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ sí ìró. "Ṣé ó dé ibẹ̀?"

"Ó dé ibẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó sinmi, nígbà náà. Kí ẹ̀yin náà sinmi." Ó wo ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tajà nísàlẹ̀ yìí, mi ò tíì gun ibí rí. Mi ò wá mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

A jọ sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó pẹ́. Ó di èjìká mi mú, èmi náà di ògiri mú, àwọn èèyàn ń wò wá láti òpópónà bí ẹni ń wo ìran. Ó fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Apòmù, ó ní òun ò ní jẹ́ kí n gun alùpùpù mi.

Nọ́ọ̀sì náà wọn ìfúnpá mi, ó ju pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀. "Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró?"

"Ààwẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbààwẹ̀ nínú àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹ ò wá bi mí. A máa yí àkókò oògùn padà fún yín, dókítà á sì sọ bóyá kẹ́ ẹ tiẹ̀ gbààwẹ̀ rárá." Ó bínú sí mi gan-an, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Dókítà ní kí n dá ààwẹ̀ tó kù dúró, pé màá san án padà nígbà tí ara bá le. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo bi nọ́ọ̀sì nípa àtẹ̀gùn. Ó ní kí n sinmi títí lẹ́yìn ọdún, kí n tún wá wọn ìfúnpá, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ ti dúró o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni. Ẹ rọra."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tí ó rẹ̀ ló mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó.

Mo bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá oní-dòdò ní òun náà ò ní máa wo èmi nìkan. Kò lè gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti sọ fún un lọ́jọ́ tó gbé mi lọ pé kó máa dìde lórí àpótí rẹ̀, kó tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìfọwọ́ ti nǹkan bó bá ṣeé ṣe. Bí mo bá ti jáde sórí àtẹ̀gùn, màá ké sí i pé, "Ó ti tó àkókò o!" Òun á dáhùn pé, "Mo gbọ́, ẹ má pa mí." Èmi ń sọ̀, mò ń gùn, òun ń dìde, ó ń jókòó, ó ń kérora, ó ń kà á sókè. Awakọ̀ kan tó dúró láti ra dòdò wò wá títí, ó ní, "Mama, na gym una don open for here?" Ìyá oní-dòdò ní ilé eré ìdárayá kọ́ la ṣí, kó san owó dòdò rẹ̀ kó máa lọ.

Ara mi ò di tuntun. Ọ̀pọ̀ ìtàn báyìí ni wọ́n máa ń parí sí pé ẹni náà wá lè gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì, pé ikùn rẹ̀ wọlé. Tèmi ò wọlé. Mo ṣì ń lo oògùn. Ó ṣì ń rẹ̀ mí. Ohun tó yí padà kéré débi pé ǹ bá má mọ̀ ká ní kì í ṣe ìyàwó mi. Ó ní òun ò gbọ́ tí mò ń kérora mọ́ bí mo bá ń dìde láti ìforíkanlẹ̀. Mo ní, "Ṣé mo máa ń kérora tẹ́lẹ̀ ni?" Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́ ọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà. Ó ní ẹsẹ̀ òun máa ń wú bí òun bá ti jókòó ti ẹja pẹ́, kí n mú òun dání lọ sí ibi tí mò ń lọ. Mo ní mi ò lọ síbì kankan, ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń ṣe tèmi, ó sì rẹ̀ mí. Ó ní, "Ó rẹ èmi náà." Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

A jáde. Àwọn òpó iná wà ní ọ̀nà iwájú ilé wa. A rìn kíákíá láti òpó kan dé èkejì, a rọra rìn dé ìkẹta, a tún yára. Òpó mẹ́fà ni, a padà. Ó wá di ti àràárọ̀. Kò tó nǹkan tí èèyàn ń ṣírò. Nígbà tí a bá ń yára, aṣọ ìborí rẹ̀ máa ń bọ́ sẹ́yìn, á máa fi ọwọ́ kan fà á, á máa fi èkejì di ọwọ́ mi mú. Láti ìgbà tá a ti bímọ, mi ò rántí ìgbà tá a jọ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wa láìsí ẹrù lórí ẹnì kankan. A kì í sọ̀rọ̀, nítorí pé èémí ò sí. Tí a bá padà délé, a máa ń jókòó sí pèpéle bí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò níbì kan, kálukú ń mí tiẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ó tó àkókò tí mo máa ń lọ wọn ìfúnpá. Ní ọ̀nà ni mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún nọ́ọ̀sì náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí mi ò fo ọjọ́ méjì léra wọn. Mo fẹ́ kó bọ́ awò ojú rẹ̀ kúrò, kó wò mí.

Ẹlòmíràn ni mo bá. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ọmọlúàbí, ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó so nǹkan náà mọ́ apá mi. Mo béèrè mọ́mì tó máa ń wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti padà sí ìlú wọn. Ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó kọ ọ́ sínú káàdì mi.

"Ó ti wálẹ̀ o, Bàbá. Ó dáa. Ẹ máa lo oògùn yín lọ."

"Àtẹ̀gùn ni," ni mo wí.

"Ẹ ní kí ni, sà?"

Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, obìnrin kan sì gbé ọmọ tó ń sunkún. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo dúpẹ́, mo dìde.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń tẹ́ ẹja sórí àwọ̀n nínú àgbàlá, èéfín bò ó lójú. Mo sọ fún un pé ìfúnpá mi ti wálẹ̀. Ó yí ẹja kan padà, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ló wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní mi ò tíì jẹun. Ó ní kí n lọ jókòó, òun ń bọ̀. Mo wo àga náà, mo wo òun náà nínú èéfín, mo sì dúró tì í díẹ̀, mò ń bá a yí ẹja.